Èmi Ni Mo Kọ Ìkéde Fésíbúùkù Náà: Ẹ Dá Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Padà fún Àlàájà Karimot

Ojúlé Kọkànlá,
Òpópónà Ìfẹ́lódùn,
Alápẹ̀rẹ̀, Kétù,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kọkànlá, Ọdún 2009.

Alàgbà Charles Adéṣẹ́gun,
Alága Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
Gbọ̀ngàn Àjọṣe,
Ìkòsí, Kétù,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ FÚN ÌDÁPADÀ YÀRÁ Ẹ̀YÌN GBỌ̀NGÀN FÚN ẸGBẸ́ ÌYÁ MỌ̀WÉ, ÀTI ÌJẸ́WỌ́ ẸNI TÍ Ó KỌ ÌKÉDE ORÍ FÉSÍBÚÙKÙ TI OṢÙ KẸJỌ, ỌDÚN 2008

1. Orúkọ mi ni Adébọ́lá Ọláwuyì. Mo gboyè nínú ìmọ̀ iṣẹ́ akọ̀wé ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe, mo sì ń bójú tó kafé íńtánẹ́ẹ̀tì kan nítòsí ibùdókọ̀ Kétù. Láti oṣù kẹta ọdún 2008 ni mo ti jẹ́ akọ̀wé ìpolongo fún Ẹgbẹ́ Ìyá Mọ̀wé, ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti èrè, tí ó ń kọ́ àwọn obìnrin ọjà Mile 12 ní ìwé kíkà àti ìwé kíkọ nínú yàrá ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yín. Bí ẹ kò bá rántí orúkọ mi, ó ṣeé ṣe kí ẹ rántí ọmọbìnrin onígíláàsì tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ní ọjọ́ ìwádìí, tí ó mu omi ọ̀rá mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn. Òùngbẹ kọ́ ló ń gbẹ mí. Irọ́ ni mo fẹ́ pa, ọ̀fun mi kò sì fọwọ́ sí i.

2. Kí n má baà fi àkókò yín ṣòfò, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìn padà fún Àlàájà Karimot Mọ́nsúrù, olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ wa, kí ìpàdé yín ti Sátidé, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá, tó wáyé. Mo gbọ́ pé ní ìpàdé náà ni ẹ ó ti yọ̀ǹda yàrá ọ̀hún fún ẹnì kan tí ó fẹ́ máa kó àga àti àtíbàbà ìyálò sí i. Bí àga bá ti lè wọ ibẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò ní jáde mọ́. Mo sì ń bẹ̀bẹ̀ kí ẹ tún òfin yín wò, èyí tí ó ní ẹgbẹ́ kankan tí ó bá ń lo gbọ̀ngàn kò gbọdọ̀ wá olùyọ̀ǹda-ara-ẹni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo lẹ́nu láti tọrọ méjèèjì nítorí pé èmi ni mo ṣẹ̀. Àlàájà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Íńtánẹ́ẹ̀tì náà kò ṣẹ̀. Ohun tí mo tẹ̀ sí i ló gbé jáde.

3. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ẹgbẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí kò tíì sí ẹni tí ó ṣàlàyé rẹ̀ fún yín dáadáa. Ata àti tòmátì ni Àlàájà ń tà ní apẹ̀rẹ̀-apẹ̀rẹ̀ ní Mile 12. Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù bá ti òkè Ọya dé, ọgọ́rọ̀ọ̀rún apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa ń já sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn sì jọ ara wọn bí ìbejì. Kí oníkálukú lè dá tirẹ̀ mọ̀, àkísà aláwọ̀ ni àwọn obìnrin náà máa ń so mọ́ etí apẹ̀rẹ̀: pupa ni ti ẹni kan, àwọ̀ ewé ni ti ẹlòmíràn. Ó dára bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tí obìnrin mẹ́rin bá ra àkísà pupa lọ́wọ́ aránṣọ kan ṣoṣo. Àlàájà sọ fún mi pé irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni òun dúró láàárín ariwo, tí òun sì pinnu pé òun yóò mọ bí a ti ń kọ orúkọ òun. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni wọ́n nígbà náà. Ọdún méjì ni wọ́n fi kọ́ ìwé lọ́wọ́ tíṣà fẹ̀yìntì kan ní àdúgbò wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bẹ̀ yín fún yàrá, ẹ sì fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Oore tí ẹ ṣe nìyẹn, a kò gbàgbé rẹ̀.

4. Ní ìgbà tí a ń sọ yìí, obìnrin mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ń wá sí kíláàsì ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí ọjà bá ti fúyẹ́. Olùkọ́ wá ku méjì péré, èmi àti Àlàájà, nítorí tíṣà fẹ̀yìntì náà kó lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ní Ìṣẹrì Olówóra. Èmi ni mo dá a lábàá pé kí a wá olùyọ̀ǹda-ara-ẹni lórí Fésíbúùkù. Àlàájà bi mí kí ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní ó dà bí ọjà tí gbogbo ènìyàn ti ń kọjá, tí a lè gbé pátákó sí. Wọ́n ní bí ó bá jẹ́ ọjà, kí n rí i pé ohun tí ó wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí ó wà lókè. Mo dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo sì ní in lọ́kàn pẹ̀lú.

5. Ìkéde àkọ́kọ́ tí mo gbé síbẹ̀ jẹ́ òtítọ́ pọ́nńbélé. Mo ya fọ́tò yàrá náà, mo kọ ọjọ́ àti aago, mo sì ní a ń wá olùkọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹnì kan ṣoṣo ló dáhùn: Fikáyọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí ó ń gbé ní Abẹ́òkúta. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun yóò máa gbàdúrà fún wa. Bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn tí mo ń rí ní kafé lójoojúmọ́ ń darapọ̀ lórí Fésíbúùkù kan náà mọ́ ẹgbẹ́ àwọn tí ó fẹ́ràn búrẹ́dì, ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n ń súfèé lójú oorun, ẹgbẹ́ oríṣiríṣi. Ó dùn mí. Èmi tí mo kàwé nípa bí a ti ń kọ lẹ́tà tí yóò mú iṣẹ́ wá, mi ò lè mú ẹnì kan kúrò ní Abẹ́òkúta.

6. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹjọ ọdún 2008 ni mo tún ìkéde náà kọ. Mo dárúkọ àwọn àgùnbánirọ̀ ní pàtó. Mo ní ẹnikẹ́ni tí ó bá wá yóò rí ìfọwọ́sí Ìgbìmọ̀ yín gbà sórí káàdì iṣẹ́ ìlú (CDS) rẹ̀, yóò sì gba ìwé-ẹ̀rí tí ó ní òǹtẹ̀ Alága. Mo kọ aago mẹ́wàá òwúrọ̀ dípò aago mẹ́rin, nítorí mo mọ̀ pé àgùnbánirọ̀ kì í fẹ́ kí iṣẹ́ ìlú ba ìrọ̀lẹ́ Sátidé òun jẹ́. Ìlà tí ó parí rẹ̀ ni èyí: "Àwọn àgbàlagbà tí kò láǹfààní ìwé ti jókòó dè yín." Kò sí ẹni tí ó rán mi. Mo rò pé n óò sáré bá Àlàájà yí aago padà, n óò sì wá tọrọ òǹtẹ̀ náà lọ́wọ́ yín kí Sátidé tó pé. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ní ó di Túsìdeé. Lọ́jọ́ Túsìdeé, iná mọ̀nàmọ́ná wá, oníbàárà sì pọ̀. Nígbà tí ó fi máa di Tọ́sìdeé, ènìyàn méjìléláàádọ́fà ti kọ ọ́ pé àwọn ń bọ̀. Mo ń ṣí ojú ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́ láti wo iye wọn, bí ẹni ń wo ìkòkò tí ó ń hó. Mi ò tún rántí òǹtẹ̀ mọ́.

7. Ohun kan tí n kò rántí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé Sátidé náà, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹjọ, ni ẹ̀yin onílé àdúgbò ní ìpàdé ọdọọdún yín nínú gbọ̀ngàn, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ìkéde rẹ̀ wà lẹ́nu géètì. Ó yẹ kí n mọ̀. Èmi gan-an ni mo tẹ ìwé ìpè náà fún Akọ̀wé yín ní kafé, tí mo sì sọ fún un pé ó gún régé.

8. Ẹ̀yin fúnra yín wà níbẹ̀, èmi kò sí níbẹ̀, nítorí náà ohun tí mo gbọ́ tí ó sì kàn mí nìkan ni n óò sọ. Àgùnbánirọ̀ mẹ́tàdínláàádọ́rin ló wọlé pẹ̀lú bàtà funfun àti fìlà wọn. Wọ́n bá àwọn àgbàlagbà tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, tí ìwé àti bírò wà níwájú oníkálukú wọn, gẹ́gẹ́ bí ìkéde mi ti wí gẹ́lẹ́. Wọn kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Wọ́n pín ara wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń jẹ́ Levi ló wá sí ọ̀dọ̀ yín, Alàgbà, nídìí tábìlì iwájú. Ó fi orúnkún kan kúnlẹ̀, ó fi pẹ́ńsùlù lé yín lọ́wọ́, ó rọra ká ìka yín mọ́ ọn, ó sì wí pé, "Bàbá, ẹ má fòyà. Láti orí A la ó ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dàgbà jù fún un." Gbogbo Ìkòsí ló mọ̀ pé ọdún márùndínlógójì ni ẹ fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́, tí ẹ sì fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé. Wọ́n ní ẹ wo pẹ́ńsùlù náà fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo kọ́ tíṣà tó kọ́ tíṣà tìẹ." Levi rò pé àwàdà ni. Ó ní, "Ó dáa, Bàbá, ẹ jẹ́ ká jọ rántí rẹ̀."

9. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tò sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́, tí wọ́n ń bèèrè ẹni tí yóò fọwọ́ sí i. Akọ̀wé yín ní òun kò mọ ohunkóhun nípa káàdì. Àwọn àgùnbánirọ̀ náà fi ìwé ìkéde tí wọ́n tẹ̀ jáde hàn án. Ariwo dé, ìpápánu tí ẹ tò fún ìpàdé kò sì dúró de òpin ariwo náà. Mo gbọ́ pé àgbà onílé kan tí ó jókòó sẹ́yìn nìkan ni kò bá wọn bínú. Ó ń bèèrè ìdí tí wọ́n fi dá òun dúró ní lẹ́tà Ẹ, nígbà tí òun ti ń gbádùn rẹ̀. N kò mọ orúkọ wọn. Bí wọ́n bá ṣì nífẹ̀ẹ́ sí i, àyè wọn wà.

10. Nísinsìnyí mo dé ibi tí ó nira fún mi. Lọ́jọ́ Túsìdeé tí ó tẹ̀lé e, ẹ pe Àlàájà àti èmi fún ìwádìí. Akọ̀wé gbé ìwé ìkéde náà sórí tábìlì, ó sì bèèrè ẹni tí ó kọ ọ́. Mo ti pèsè ìdáhùn mi sílẹ̀ láti Alápẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin Ọ̀gá, ó jọ pé àwọn ọmọ yahoo ló já wọ ojú ìwé wa." Mo tilẹ̀ fi kún un pé ó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, pé mo ń rí i ní kafé. Gbogbo yín mi orí pé òótọ́ ni. Irọ́ tí ó bá àkókò rẹ̀ mu ni. Ní ọdún yẹn, kò sí ohun tí ènìyàn kò lè fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan ọmọ yahoo. Ẹ wá yíjú sí Àlàájà, ẹ bi wọ́n bí wọ́n bá mọ ohunkóhun sí i. Àlàájà wò mí lẹ́ẹ̀kan. Wọn kò wò mí lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n dá yín lóhùn pé, "Orúkọ ẹgbẹ́ mi ló wà lórí ìwé yẹn. Èmi ni kí ẹ bi." Láti ibẹ̀ ni ìdájọ́ ti bẹ̀rẹ̀: ẹ gba kọ́kọ́rọ́, ẹ ní kí Àlàájà má fẹsẹ̀ kan gbọ̀ngàn mọ́, ẹ sì fòfin de íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo bá wọn rìn dé ẹnu géètì, mo sì bá wọn gbé báàgì.

11. Láti ọjọ́ náà, abẹ́ ìsọ̀ àwọn alálùbọ́sà ni kíláàsì wa wà. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì tí a dojú rẹ̀ dé ni àga wa. Ẹ̀yìn páálí ni pátákó wa. Bí òjò bá rọ̀, a ó tú ká. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ já ẹrù, a ó dìde. Àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti di mẹ́sàn-án. Àwọn tí ó fi wá sílẹ̀ kò jẹ̀bi: ó ṣòro láti máa kọ "bọ́ọ̀lù" sílẹ̀ nígbà tí alábàárù ń kígbe pé kí o yàgò.

12. Ẹ lè bèèrè ìdí tí mo fi dákẹ́ fún oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí mo wá ń sọ̀rọ̀ lónìí. Ìkìlọ̀ tí ẹ lẹ̀ mọ́ géètì ni. Ó kà báyìí: "A KÒ GBA KARIMOT MỌ́NSÚRÙ ÀTI ẸGBẸ́ RẸ̀ LÁYÈ NÍHÌN-ÍN MỌ́ NÍTORÍ ÌTÀNJẸ." Akọ̀wé yín jẹ́ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ dára, ó fi náílọ̀nù tí ó nípọn bò ó, òjò ọdún méjì kò sì rí i ṣe. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti Ìyá Junaid jọ ń kọjá níwájú gbọ̀ngàn. Onítàtàṣé ni Ìyá Junaid, ó sì wà lára àwọn mẹ́sàn-án tí ó kù. Nígbà tí ìkìlọ̀ náà dé ibẹ̀, kò mọ A yàtọ̀ sí àkàbà. Lọ́jọ́ yìí, ó dúró. Ó gbé ìka sókè, ó ń fi í tẹ̀ lé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sókè. Inú mi kọ́kọ́ dùn, gẹ́gẹ́ bí inú tíṣà ti máa ń dùn, kí n tó rí ibi tí ìka rẹ̀ ń lọ. Ó ka orúkọ Àlàájà. Ó ka ọ̀rọ̀ tí ó kẹ́yìn. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Aunty Débọ́lá, mo kà á tán. Àmọ́ irọ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀." Ó tún ní, "Ṣé wọ́n máa ń kọ irọ́ náà ni? Mo rò pé òótọ́ nìkan ni wọ́n máa ń kọ sílẹ̀ ni."

13. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ rò ó wò. Àwọn obìnrin mìíràn nínú kíláàsì náà ti ń mọ̀wé. Ọ̀nà gbọ̀ngàn ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà lọ sílé. Bí wọ́n ti ń mọ̀wé sí i ni wọn yóò máa kà á, ẹnì kan lẹ́yìn ẹnì kan, pé ẹni tí ó kọ́ wọn ní ìwé jẹ́ ẹlẹ́tàn. Èmi ni mo kọ ẹ̀tàn náà, èmi kan náà ni mo sì ń kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe kà á.

14. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá Àlàájà ní ìsọ̀ wọn. Mo kúnlẹ̀, mo sì ka ẹ̀ṣẹ̀ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ń ṣa tòmátì tí ó rọ̀ kúrò lára èyí tí ó le, wọn kò sì dáwọ́ dúró. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "Dìde, o ń fi orúnkún tẹ tòmátì mi." Mo dìde. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ láti ọjọ́ ìwádìí; nínú gbogbo wa, ta ló tún mọ ọ̀nà tí ẹ̀rọ náà ń gbà? Mo bèèrè ìdí tí wọn kò fi dárúkọ mi. Wọ́n ní bí ẹ bá lé mi, ìwọ̀nba ìwé tí àwọn mọ̀ kò ní tó láti fi kọ́ àwọn obìnrin náà, àti pé kí olórí ẹgbẹ́ má wọ gbọ̀ngàn sàn ju kí ẹgbẹ́ má ní tíṣà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì sọ ohun tí gbogbo ìsọ̀ ìtòsí ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìgbà náà: "Oṣù mẹ́ta ni Ìyá Junaid fi mọ A, B, D. Ìwọ tó kàwé, oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún." Wọn kò rán mi láti kọ lẹ́tà yìí. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé n óò kọ ọ́, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bèèrè ni pé kí n má kọ ọ́ gùn jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.

15. Ó ku ọ̀rọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù Keje ọdún yìí, nígbà tí ó rẹ̀ wá, mo tún gbé ìkéde kan sórí Fésíbúùkù. Níwọ̀n ìgbà tí a kò sí nínú gbọ̀ngàn yín mọ́, n kò rú òfin yín. Mo fi fọ́tò apẹ̀rẹ̀ àti páálí síbẹ̀, mo sì kọ ọ́ pé: "A ń wá olùkọ́ fún Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kò sí owó, kò sí ìwé-ẹ̀rí, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ sí káàdì yín. Abẹ́ ìsọ̀ alálùbọ́sà ni. Òórùn rẹ̀ yóò bá yín délé. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ wá, ẹ pe Débọ́lá." Mo kọ nọ́ńbà fóònù mi sí i. Ènìyàn mọ́kànlá ló pè, méje ló wá, márùn-ún ni kò tíì kúrò títí di òní. Fikáyọ̀ tún kọ ọ́ pé òun ń gbàdúrà.

16. Ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún náà ni Levi. Ó ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, ó ti rí iṣẹ́ ní Kétù. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti fi pẹ́ńsùlù lé Alága lọ́wọ́ ni òun ti ń wá àwọn àgbàlagbà tí ó tọ́ kí òun lọ bá. Ó bẹ̀ mí kí n bá òun tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín nínú lẹ́tà yìí, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó, Alàgbà: ìkéde tí ó kún fún irọ́ kó mẹ́tàdínláàádọ́rin wá fún wákàtí kan, gbogbo wọn sì bínú lọ, èyí tí ó sọ òtítọ́ nípa òórùn àlùbọ́sà kó márùn-ún wá, wọ́n sì jókòó. Ọjà kan náà ni mo gbé pátákó méjèèjì sí.

17. Nítorí náà, dípò kí ẹ ti ọ̀nà náà pa, mo dábàá pé kí ẹ fi àwọn ìlànà wọ̀nyí ṣọ́ ọ:

(a) Kí ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ wá olùyọ̀ǹda-ara-ẹni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ tẹ ìkéde rẹ̀ sórí ìwé, kí Akọ̀wé yín kà á, kí ó sì fọwọ́ sí i, kí ó tó jáde.

(b) Kí orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ọmọ yahoo kankan di ẹrù rẹ̀ rù.

(d) Kí a má ṣe ṣèlérí òǹtẹ̀, ìwé-ẹ̀rí tàbí ìfọwọ́sí tí Ìgbìmọ̀ kò tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún wa.

(e) Kí a bá olúkúlùkù ẹni tí ó bá fẹ́ wá sọ̀rọ̀ lójúkojú ṣáájú Sátidé rẹ̀ àkọ́kọ́. Kí iye tí a ó pè má sì ju iye àga tí ó wà lọ.

Èyí tí ó kù jẹ́ tèmi nìkan: n óò máa ka ìkéde ẹnu géètì kí n tó mú ọjọ́, pàápàá èyí tí mo bá tẹ̀ fúnra mi.

18. Bí Ìgbìmọ̀ bá ní ìyà kan fún mi, mo gbà á. Bí ẹ bá ní kí n má wọ gbọ̀ngàn fún iye àkókò tí Àlàájà kò fi wọ̀ ọ́, ó tọ́. Levi àti àwọn mẹ́rin yòókù lè kọ́ wọn láìsí èmi. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ìyà náà má ṣe kan ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn Iléyá ni ìpàdé yín. Àwọn obìnrin náà yóò ti ṣọdún tán, ọjà yóò ti padà sípò, aago mẹ́rin Sátidé yóò sì pé. Mo fẹ́ kí wọ́n bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí.

19. Mo fi ìwé mẹ́ta sínú àpò yìí. Àkọ́kọ́ ni ìkéde ọdún 2008 gẹ́gẹ́ bí ó ti jáde láti ojú ìwé tèmi, tí orúkọ mi wà lókè rẹ̀. Mo ti fọwọ́ sí i. Èkejì ni orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni márààrún, kí ẹ lè ránṣẹ́ pè wọ́n nígbàkígbà. Ẹ̀kẹta jẹ́ ìkìlọ̀ mìíràn, tí mo bẹ̀ yín kí ẹ lẹ̀ mọ́ géètì ní ibi tí ẹ bá ti ṣí ti àkọ́kọ́ kúrò. Lẹ́tà ńláńlá ni mo fi kọ ọ́: "ADÉBỌ́LÁ ỌLÁWUYÌ NI Ó PA IRỌ́. KARIMOT MỌ́NSÚRÙ KÒ MỌ̀ SÍ I." Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni a ti kọ́ ní kíláàsì, Ìyá Junaid kò ní nílò olùrànlọ́wọ́. Náílọ̀nù rẹ̀ náà wà nínú àpò. Mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, òjò kò sì sí nítòsí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà mí dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ìtìjú àti ìrètí,

(Ìfọwọ́sí)
Adébọ́lá Ọláwuyì (Omidan),
Akọ̀wé Ìpolongo,
Ẹgbẹ́ Ìyá Mọ̀wé, abẹ́ ìsọ̀ alálùbọ́sà, Mile 12.